Ta Ni Ó Ń Ṣe Ìwádìí Nínú "L.A. Noire"?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu, nítorí pé géèmù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èmi tí ó jẹ́ pé ìwé ni ẹ mọ̀ mọ́ mi. Àwọn ọmọ kíláàsì wa ni wọ́n fà á. Wọ́n ń béèrè pé kí ni àwọn tún ń ka ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún, nígbà tí géèmù wà tí àwọn fúnra wọn lè fi ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Wọ́n ní nínú ìwé, ẹlòmíràn ni ó ń wá ọ̀daràn kiri, òǹkàwé kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ tí ń ru àpò bàbá rẹ̀ ni. Nínú géèmù ẹ̀wẹ̀, àwọn gan-an ni wọ́n ń wá a.

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí á fi ìbínú dá a lóhùn. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ pé eré òṣì ni gbogbo géèmù kò tíì dáhùn ohunkóhun. Ó kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà lójú ni, ọmọ náà yóò sì gba ojú fèrèsé jáde. Síbẹ̀, èmi kò gbà pé òótọ́ ni ohun tí àwọn ọmọ náà ń sọ. Mo fẹ́ fi géèmù kan tí òkìkí rẹ̀ kàn gidigidi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní L.A. Noire. Ohun tí mo ní í sọ ni pé ẹni tí ń gbá géèmù yìí kì í ṣe ìwádìí tí ó tó ìdajì èyí tí ẹni tí ó jókòó ti ìwé Kọ́lá Akínlàdé ń ṣe.

Ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Team Bondi, ni ó ṣe é. Rockstar Games ni ó gbé e jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ní ọdún 2017 wọ́n tún un ṣe fún àwọn ẹ̀rọ tuntun. Ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1947, ni ibùdó ìtàn. Cole Phelps ni olú ẹ̀dá ìtàn: ọmọ ogun tí ó jà ní Okinawa, tí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ dá lọ́lá, tí ó wá di ọlọ́pàá nígbà tí ogun parí. Ọlọ́pàá kékeré tí ń rìn kiri àdúgbò ni nígbà tí a kọ́kọ́ bá a pàdé. Ó gòkè sí ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀ràn ọkọ̀, ó bọ́ sí ẹ̀ka ìpànìyàn, ó dé ẹ̀ka tí ń gbógun ti oògùn olóró àti ilé tẹ́tẹ́, kí wọ́n tó já a walẹ̀ sí ẹ̀ka tí ń wádìí iná tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá.

Ẹ jẹ́ kí n yin ohun tí ó yẹ ní yíyìn kí n tó gbé pàṣán. Kámẹ́rà 32 ni wọ́n fi yí òṣèré kọ̀ọ̀kan ká láti gba gbogbo ìṣesí ojú rẹ̀ sílẹ̀. Bí òṣèré bá gbé itọ́ mì, a rí i. Bí ó bá ká ètè, tí ó wo ẹ̀gbẹ́ kan fìrí, a rí i. Òṣèré tí ń jẹ́ Aaron Staton ni ó ṣe Phelps, ojú Staton gan-an ni a sì ń rí, kì í ṣe àwòrán tí ó fara jọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí àwọn ọmọkùnrin wa ń gbá, ẹni tí ó bá dúró síwájú rẹ, kí o yìnbọn fún un ni. Nínú èyí, o ní láti jókòó, kí o bi í léèrè, kí o gbọ́ èsì rẹ̀, kí o sì wò ó bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn baba wa ń wí. N kò mọ géèmù mìíràn tí ó gba òwe yìí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ náà dára. A máa ń tẹ̀ ba, a máa ń mú nǹkan kan nílẹ̀, a máa ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìgò lásán ni òmíràn, kò wúlò fún ohunkóhun. Nínú ẹjọ́ kan, láítà ni a rí, orúkọ ilé ijó kan sì wà lára rẹ̀ tí ó mú wa dé ibẹ̀. Ohun tí a bá rí, Phelps a kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí ó fi sápò. Sùúrù tí eré yìí ń béèrè kò wọ́pọ̀, mo sì mọ olùkọ́ tí inú rẹ̀ yóò dùn bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá lè fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ka ojú ìwé méjì péré.

Wàyí o, ibi tí ó ti dára náà ni ó ti bàjẹ́.

Bí ẹni tí a ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bá ti fèsì tán, ọ̀nà mẹ́ta ni géèmù náà ṣí sílẹ̀ fún wa: Òótọ́, Iyèméjì, Irọ́. Bí a bá pè é ní irọ́, a gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí jáde láti inú ìwé kékeré. Bí a bá mú iyèméjì, kò sí ẹ̀rí tí a ní láti mú wá. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí a ó mú? Ojú ni a ó wò. Bí ojú bá ń sáré kiri, bí ọrùn bá ń gbé itọ́ mì, a jẹ́ pé kì í ṣe òótọ́ nìyẹn. Kò kù ju kí á yẹ ìwé wò bóyá ẹ̀rí wà tàbí kò sí. Ọmọ tí ó bá ti gbá a fún wákàtí méjì ti mọ ọgbọ́n yìí, láti ìgbà náà lọ kò sì nílò láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà ń sọ mọ́. Kí ó pa ohùn rẹ̀, kí ó máa wo ọ̀fun. Nínú ìbéèrè mẹ́ta, yóò gba méjì.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, mo tún ní ẹjọ́ pẹ̀lú iyèméjì náà. Lédè wa, ọkàn ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni iyèméjì ń gbé: iyè mi pín sí méjì, n kò mọ èyí tí n ó gbà. Ẹni tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ a máa rọra béèrè sí i ni. Ṣùgbọ́n tẹ bọ́tìnnì yẹn, kí o wo bí Phelps yóò ṣe fò sókè, tí yóò jágbe mọ́ opó tí ọkọ rẹ̀ kò tíì tutù, tí yóò halẹ̀ ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ráhùn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2017, wọ́n pa orúkọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà: ọlọ́pàá onínúure, ọlọ́pàá oníkanra, àti fífi ẹ̀sùn kan ni. Orúkọ ni ó yí padà. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ wà bí ó ti wà.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ohun tí géèmù náà ń kọ́ ọmọ nípa ojú. Ẹ ronú sí ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa. Bí àgbà bá ń bá a wí, ilẹ̀ ni ó ń wò. Bí ó bá gbé ojú sókè tí ó tẹjú mọ́ àgbà náà, a ó ní ojú rẹ̀ le, a ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Lójú àwọn tí ó ṣe L.A. Noire, ẹni tí kò lè wo ọlọ́pàá lójú ń pa irọ́ nìyẹn. Bí Cole Phelps bá wọ kíláàsì JSS 2 wa ní àárọ̀ ọjọ́ tí owó ẹnì kan sọnù, gbogbo ọmọ tí a kọ́ ní ọ̀wọ̀ ni yóò kó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ògbólógbòó olè tí ó ranjú mọ́ ọn ni yóò sì kí pé ó kú òótọ́.

Àwa olùkọ́ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín jù níbí, nítorí pé à ń ṣe é. Mélòó nínú wa ni kò tíì rí i kí owó sọnù ní kíláàsì, kí wọ́n to àwọn ọmọ sílà, kí ẹgba sì já lé ẹni tí ó ń làágùn tí ó sì ń kólòlò? Lọ́jà ńkọ́? Àjèjì kan dúró, wọ́n bi í léèrè ibi tí ó ti wá, ẹnu rẹ̀ kọ́, ẹnì kan pariwo "Gbọ́mọgbọ́mọ!", ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbígbọ̀n náà di ẹ̀rí, ẹlòmíràn ti sáré lọ gbé táyà. Wọ́n ti dáná sun ènìyàn lórílẹ̀-èdè yìí nítorí pé ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi lè ka ọ̀rọ̀ yìí sí eré lásán. Ẹ̀rù a máa ba aláìṣẹ̀, bóyá ju ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ pàápàá, nítorí pé aláìṣẹ̀ kò múra sílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní nínú géèmù náà, ìṣesí ojú kì í sábà tan ni jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀. Òṣèré ni ó ń ṣe ojú irọ́ nítorí pé irọ́ ni wọ́n kọ fún un láti pa. Ẹni tí ó mọ ìdáhùn ni ó ya ojú náà sílẹ̀ fún wa. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ẹyin pamọ́ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, tí ó wá sọ fún ọmọ pé kí ó wo apẹ̀rẹ̀ náà dáadáa, kò tíì kọ́ ọmọ bí a ti í wá ẹyin nínú igbó.

Mo fẹ́ dé orí ẹ̀ka ìpànìyàn báyìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n tú àṣírí ìtàn náà, kí ó fo ìpínrọ̀ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé èyí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1947, wọ́n rí òkú obìnrin kan tí ń jẹ́ Elizabeth Short ní Los Angeles. Ìròyìn rẹ̀ gba Amẹ́ríkà kan. Títí di òní, wọn kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀ nílé ẹjọ́. Géèmù náà kọ́ ẹ̀ka ìpànìyàn rẹ̀ lé ọ̀ràn yìí lórí: wọ́n ń pa obìnrin kan tẹ̀ lé òmíràn, a sì ń mú afurasí lẹ́yìn ìpànìyàn kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó ní afurasí méjì: Hugo Moller, ọkọ olóògbé, àti Eli Rooney, ọkùnrin tí ó ti hùwà ìbàjẹ́ sí ọmọdé rí. Ọ̀gá Phelps kò fi pamọ́ pé Rooney ni òun fẹ́ kí ó lọ sẹ́wọ̀n, nítorí irú ẹni tí ó jẹ́, kì í ṣe nítorí ohun tí a rí. Bí a bá mú Moller, ọ̀gá a bínú. Nígbẹ̀yìn, a wá rí i pé kò sí èyí tí ó jẹ̀bi nínú wọn. Gbogbo àwọn tí a tì mọ́lé ní ẹ̀ka yìí, aláìṣẹ̀ ni wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo, Garrett Mason, ni ó pa gbogbo àwọn obìnrin náà. Nígbà tí Phelps sì pa á, àwọn ọ̀gá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nítorí ìdílé ńlá tí Mason ti wá, ìtàn sì kọjá sí ẹ̀ka mìíràn.

Àwọn tí ó fẹ́ràn géèmù yìí yóò ní ète òǹkọ̀wé gan-an nìyẹn: ó fẹ́ fi hàn pé ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú náà ti jẹrà. Mo gbọ́. Bí ó bá jẹ́ ìwé ni, n bá pàtẹ́wọ́. Nínú ìwé, ọlọ́pàá lè ṣìnà, òǹkàwé a sì máa wò ó, a máa pariwo nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Má mú un, kì í ṣe òun!" Nínú L.A. Noire, ọ̀dọ́mọdé tí ó fojú inú wò ó láti ẹjọ́ kejì pé ọwọ́ kan náà ni ó ń pa àwọn obìnrin yìí kò ní bọ́tìnnì tí yóò fi sọ ọ́. Àfi kí ó mú aláìṣẹ̀. Bí kò bá mú aláìṣẹ̀ kan, eré kò ní í tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, wọn a fún un ní ìràwọ̀ bí ẹni pé ó ṣe dáadáa; ìràwọ̀ márùn-ún ni ó pọ̀ jù. Wọ́n di ọwọ́ ọmọ náà mú, wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n wá ní òun ni ó tẹ̀ ẹ́.

Kò tán síbẹ̀. Bí a bá ṣi ìbéèrè gbogbo dáhùn, ẹjọ́ náà yóò ṣì parí, ìtàn yóò ṣì máa lọ sí ibi tí wọ́n ti pinnu. Bí a bá sún mọ́ ohun tí ó wúlò, agogo kékeré a dún. Bí a bá ti rí gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ tán, orin a dákẹ́. Bí ìdáhùn bá ṣòro, ìrànwọ́ wà tí yóò mú ọ̀kan nínú àwọn tí kò tọ̀nà kúrò. Lóòótọ́, ènìyàn lè pa agogo àti orin náà bí ó bá fẹ́. Ọmọ mélòó ni yóò pa á? Ta ni ó wá ń ṣe ìwádìí? Agogo ni.

Phelps alára kò sí lọ́wọ́ wa. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí tí a ti fi wọ aṣọ rẹ̀, tí a wa ọkọ̀ rẹ̀, tí a bi ènìyàn léèrè pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ pé ó ń yan Elsa, obìnrin akọrin ará Jámánì kan, lálè. A kò mọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, a kò sì lọ́wọ́ sí i. Ọ̀ràn yìí ni wọ́n fi já a walẹ̀. Nígbà tí ìtàn ń lọ sí òpin, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa pátápátá, wọ́n fi ẹlòmíràn, Jack Kelso, lé wa lọ́wọ́. Bí òǹkọ̀wé Yorùbá kan bá hun ìtàn báyìí, àwa olùkọ́ ni a ó kọ́kọ́ fi biro pupa fa ìlà sí i.

(Ohun kan tún wà tí n kò lè ṣe kí n má sọ. Nígbà tí géèmù yìí jáde, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 100 ni wọn kò rí orúkọ wọn nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ráhùn nípa iṣẹ́ àṣekúdórógbó tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Team Bondi sì kógbá wọlé ní ọdún 2011 kan náà. Géèmù tí ń kọ́ni pé kí á má fo ohun kékeré kan dá nínú ìwé àkọsílẹ̀!)

Ó tó àkókò kí á wo ìwé tí àwọn ọmọ ní àwọn kò fẹ́ kà mọ́. Àkọlé ìwé Kọ́lá Akínlàdé kan ni *Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?* Ìbéèrè ni. Òǹkàwé ni ó ń bi. Láti ẹ̀yìn ìwé ni ó ti gbé ẹrù lé ọmọ náà lórí. Nínú *Owó Ẹ̀jẹ̀*, Akin Olúṣínà ń rìn, ó ń béèrè, àwọn ènìyàn ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò sí ojú tí a lè wò. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó wà. Ọmọ tí ń kà á gbọ́dọ̀ rántí ohun tí ẹnì kan sọ ní orí kejì, kí ó tó lè mọ̀ pé ohun tí ó sọ ní orí keje kò bá a mu. Kò sí agogo. Kò sí orin tí yóò dákẹ́. Bí ó bá fura sí ẹni tí kì í ṣe, ìwé kò ní í bá a wí, kò sì ní í fún un ní ìràwọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí ìwé padà sẹ́yìn láti wá ibi tí ó ti ṣìnà. Ṣíṣí padà yẹn ni mo ń pè ní ìwádìí.

N kò ní gbogbo ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa ni ó rí báyìí. *Àjà Ló Lẹrù* tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, ẹ̀ṣẹ́ àti eré sísá pọ̀ nínú rẹ̀ ju àṣírí títú lọ. Èdè rẹ̀ ni mo ń jẹ bí àkàrà gbígbóná. Lápàdé kì í sì í ṣe ẹni tí ń fi ojú mọ irọ́. Ó mọ àwọn ènìyàn nítorí pé ó mọ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo ní géèmù kò lè ṣe é. Ní ọdún 2018, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lucas Pope ṣe *Return of the Obra Dinn*. Ọkọ̀ òkun kan padà dé ní ọdún 1807 láìsí ènìyàn alààyè kan nínú rẹ̀. 60 ènìyàn ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni kí á mọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. A ó gbọ́ èdè tí ọ̀kan sọ, a ó wo ibùsùn tí òmíràn ń sùn sí, a ó wo ẹni tí wọ́n jọ ń dúró. Àyàfi bí a bá tọ́ mẹ́ta gbà pọ̀ ni géèmù náà tó ní ó dára. Ẹni tí ń méfò yóò pẹ́ lórí omi. Àwòrán dúdú àti funfun ni, kò sí kámẹ́rà 32. Ọmọ tí ó bá parí rẹ̀, mo gbà fún un pé ó ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí wọ́n bá tún bi yín ní ìbéèrè ọjọ́sí, ẹ má ṣe gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ẹ mú *Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?* wá sí kíláàsì. Ẹ kà á fún wọn títí ó fi ku díẹ̀ kí àṣírí tú, kí ẹ sì pa ìwé náà dé. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó fura sí, kí ó sì kọ gbólóhùn tí ó mú un fura, pẹ̀lú ojú ewé tí gbólóhùn náà wà. Ẹni tí ó bá kọ "ojú rẹ̀ jọ ti olè", ẹ bi í pé ojú ewé wo ni ó ti rí i. Ẹ kó àwọn ìwé náà sínú àpò, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ má sì ṣí i títí di ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀.